Ibi Tó Dúdú Lápá Ọkọ Wa

Kí dókítà tó ṣàlàyé fún wa bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán gbogbo eegun ara lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo ti mọ̀ ọ́n. Mo ní káfè ìntánẹ́ẹ̀tì kan nígbà náà nítòsí gáréèjì Ìkòròdú: kọ̀ǹpútà díẹ̀, àti jẹnẹrétọ̀ kan tó ń pariwo lẹ́yìnkùlé. Àwọn ọmọ ilé ìwé ló sábà máa ń wá wo èsì ìdánwò wọn níbẹ̀. Bí èrò bá ti dín, èmi náà á jókòó sídìí ọ̀kan, n óò máa kàwé. Láti ìgbà tí wọ́n ti sọ fún ọkọ mi pé jẹjẹrẹ wà nínú pírósítéètì rẹ̀, ìyẹn ẹ̀yà ara kékeré tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, n kò ka ohun mìíràn mọ́.

Jẹjẹrẹ yìí fẹ́ràn eegun. Bó bá ṣì wà níbi tó ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n lè fi iṣẹ́ abẹ gé e kúrò, kí èèyàn sì máa bá ayé rẹ̀ lọ. Bó bá ti rìn dé inú eegun, kò sí ohun tí ọ̀bẹ lè ṣe mọ́. Oògùn ni wọ́n á máa fi dá a dúró títí tí agbára oògùn á fi pin. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi ní kí wọ́n kọ́kọ́ wo gbogbo eegun ọkọ mi.

Mo fẹ́ràn bí wọ́n ṣe ń wò ó. Wọ́n á gún èèyàn ní abẹ́rẹ́ oògùn kan tí ìtànṣán wà nínú rẹ̀. Oògùn náà á bá ẹ̀jẹ̀ rìn lọ sínú eegun, á sì kó jọ síbi tí eegun bá ti ń tún ara rẹ̀ ṣe. Wọ́n á ní kí ẹni náà dúró fún wákàtí mélòó kan, kó máa mu omi, kó sì máa tọ̀, nítorí èyí tí eegun kò bá gbà gbọ́dọ̀ bá ìtọ̀ jáde. Lẹ́yìn náà, á dùbúlẹ̀ lórí tábìlì tóóró kan, kámẹ́rà ńlá kan á sì máa rọra kọjá lórí rẹ̀ láti orí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Kámẹ́rà yẹn kì í tan nǹkan kan sí èèyàn lára bíi ti ẹ́kísíréè. Ara ẹni tó dùbúlẹ̀ ni ìtànṣán ti ń jáde, kámẹ́rà kàn ń gbà á ni. Ibi tí iṣẹ́ bá ti pọ̀ nínú eegun á dúdú ju ìyókù lọ. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà kò lè sọ ohun tó fa iṣẹ́ náà.

Gbogbo èyí ni mo mọ̀, ìyáálé mi tó wà ní Ẹ̀pẹ́ kò sì mọ̀ ọ́n. Bí mo ṣe fẹ́ kó rí nìyẹn.

Gẹdú ni ọkọ wa ń tà. Ní ìhà Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti ń so igi pọ̀ lójú ọ̀sà, ọkọ̀ ojú omi á sì wọ́ wọn wá sí sọ́mìlì ní ìhà Ìkòròdú. Nítorí náà ó kọ́lé sí òkè ọ̀sà, ó kọ́lé sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìyáálé mi àti àwọn ọmọ rẹ̀ tó ti dàgbà ń gbé ní Ẹ̀pẹ́; èmi àti ọmọ wa kan ṣoṣo, tí kò tíì já lẹ́nu ọmú, ń gbé ní Ìgbògbò, lẹ́bàá Ìkòròdú. Ó sọ pé òun pín ọ̀sẹ̀ sí méjì láàárín wa. Omi ló ń pín in ní tòótọ́. Bí igi bá pẹ́ ní Ẹ̀pẹ́, òun náà á pẹ́ ní Ẹ̀pẹ́, á sì padà wálé pẹ̀lú òórùn ẹja yíyan nínú aṣọ rẹ̀.

Mo ń jowú ìyáálé mi. Kì í ṣe nítorí ẹwà, ó ti ju ẹni tí èèyàn ń jowú ẹwà rẹ̀ lọ. Àwọn ọdún tó ti bá a gbé kí n tó dé ni kò jẹ́ kí n sinmi. Bí ọkọ wa bá ń sọ ìtàn, àárín ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, bíi pé ẹni tó ń gbọ́ ọ ti mọ orí rẹ̀. N kì í mọ orí rẹ̀. Àìsàn yìí nìkan ni mo mọ̀ láti orí: èmi ni mo ṣàkíyèsí pé ó ń dìde tọ̀ ní gbogbo ìgbà, èmi ni mo fà á lọ sọ́dọ̀ dókítà, èmi ni mo gba èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tí mo sì túmọ̀ rẹ̀ fún un. Mo wá ń dì í mú bí ẹni pé ẹ̀bùn ni wọ́n fún mi.

Ẹ̀rọ náà kò sí nítòsí wa. Ilé ìwòsàn ńlá kan ní Ìbàdàn ni dókítà kọ ọ̀rọ̀ wa sí. Bí mo ṣe ń ka gbogbo ohun tí mo mọ̀ sí ọkọ mi létí, mo sọ fún un pé ẹni tó bá gba abẹ́rẹ́ náà kò gbọdọ̀ gbé ọmọ ọwọ́ mọ́ra lọ́jọ́ náà. Ohun tó fi gbé mi ṣubú nìyẹn.

"Ṣé o rí i," ó ní, "ìyáálé rẹ ló máa bá mi lọ. Òun kò ní ọmọ ọwọ́."

"Mo máa gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá mi ní Agbówà."

"Ọmọ tó ń mu ọmú?"

"Á mu ògì. Ìyáálé mi kò mọ ohun tí wọ́n máa bi yín léèrè."

"Èmi ni wọ́n máa bi. Ẹ̀yin méjèèjì kọ́ lẹ máa dùbúlẹ̀ fún kámẹ́rà."

Ṣùgbọ́n mo gbé ọmọ lọ sí Agbówà, èmi ni mo sì bá a lọ.

Ìyáálé mi kò lọ, síbẹ̀ kò ṣaláì bá wa dé ibẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ni awakọ̀ kan láti Ẹ̀pẹ́ gbé fúláàsì ìkọ́kọrẹ́ wá bá wa ní gáréèjì. Èmi náà ti se ìrẹsì àti ẹran sínú fúláàsì tèmi. Nígbà tí wọ́n gún ọkọ mi lábẹ́rẹ́ tán, tí wọ́n ní kí a lọ jókòó dúró, ebi ti ń pa á. Ó wo fúláàsì méjèèjì. Ó ṣí ti Ẹ̀pẹ́. Òórùn ẹja àti epo gba gbogbo yàrá náà, àwọn tó jókòó sì ń yíjú wò wá.

Nọ́ọ̀sì kan tó ń kọjá dúró. "Àlàájì, iṣu ewùrà ni mò ń gbóòórùn yìí àbí irọ́ ni imú mi ń pa?"

"Ìkọ́kọrẹ́ ni. Ìyàwó mi ló sè é."

Nọ́ọ̀sì kọjú sí mi. "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọwọ́ yín dáa."

Mo ní ẹ ṣeun. Kí ni mo tún lè sọ? Ọkọ mi jẹ ẹ́ tán, ó lá ọwọ́ rẹ̀, ó sì mu omi tí mo bu fún un. Ìrẹsì mi bá wa padà sí Ìkòròdú bó ṣe wà.

Nígbà tí wọ́n pè wá wọlé láti wo àwòrán náà, mo gbàgbé ìkọ́kọrẹ́. Ọkọ mi ni wọ́n yà sójú ìwé kan lọ́nà méjì, iwájú rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀, láìsí ẹran ara, láìsí fìlà. Eegun ẹ̀yìn rẹ̀ tò lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín dáadáa. Eegun ìhà rẹ̀ mọ́. Ìbàdí rẹ̀ mọ́, ibẹ̀ sì ni mo ti kọ́kọ́ wò, nítorí ibẹ̀ àti eegun ẹ̀yìn ni jẹjẹrẹ yìí sábà máa ń kọ́kọ́ dé. Ohun dúdú kan wà nísàlẹ̀ ikùn rẹ̀. Mo mọ̀ pé àpò ìtọ̀ ni, ẹ̀rù rẹ̀ kò bà mí. Mo ti ń mí kanlẹ̀ nígbà tí ojú mi dé apá òsì. Lókè, nítòsí èjìká, ibì kan dúdú bí ìgbà tí tàdáwà bá kán sórí aṣọ funfun.

Dókítà Ìbàdàn tó gbà wá ti rí i ṣáájú mi. Ó ní kí wọ́n fi ẹ́kísíréè ya apá yẹn lọ́tọ̀. Nígbà tí fíìmù náà dé, ó gbé e sójú iná. Eegun ibẹ̀ nípọn, ó sì funfun ju bó ṣe yẹ lọ.

"Oríṣi nǹkan méjì ló lè mú kó rí báyìí," ó ní. "Jẹjẹrẹ yìí máa ń mú kí eegun nípọn. Eegun tó ṣẹ́ tó sì ti jinná náà máa ń nípọn. Àlàájì, apá yìí ti ṣẹ́ rí? Ẹ ti ṣubú lé e rí?"

"Rárá," ni ọkọ mi wí. Fèrèsé ló ń wò.

"Ẹ̀yin ńkọ́, mà?"

Mo ní tí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí i, mà á mọ̀. Ọ̀rọ̀ náà yá lẹ́nu mi. Ìyàwó ni mí, mo sì fẹ́ kí dókítà mọ̀ pé irú ìyàwó tó mọ ọkọ rẹ̀ ni mí.

Dókítà kọ ọ́ sínú fáìlì. Ó ní bí kò bá sí ohun mìíràn tó lè ṣàlàyé ibi dúdú yẹn, a jẹ́ pé àìsàn ti rìn nìyẹn, òun kò sì ní dá iṣẹ́ abẹ lábàá. Ó fún wa lọ́jọ́ tí a máa padà wá.

Mo padà sí káfè mi. Mo ń wo àwòrán eegun àwọn èèyàn tí n kò mọ̀, tí wọ́n wà ní ìlú tí n kò ní dé láéláé. Mo rí àwọn tí eegun wọn dúdú nítorí jẹjẹrẹ, mo sì rí àwọn tó jẹ́ pé wọ́n kàn ṣubú lulẹ̀ ní ọdún kan sí méjì ṣáájú. Ojú lásán kò lè ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ọ̀kan nínú wọn, èjìká ni, ó sì jọ ti ọkọ mi débi pé mo tẹ̀ ẹ́ jáde.

Bí mo ṣe mú ìwé yẹn dání ni mo rántí ìgbà òjò tó ṣáájú ìgbà tí mo bí ọmọ. Ọkọ mi lọ sí Ẹ̀pẹ́, kò sì padà. Ó ń pè mí lórí fóònù pé omi ti kún, pé igi kò ṣeé wọ́. Mo sunkún, nítorí omi kò kún tó bẹ́ẹ̀ ní ìhà tiwa. Nígbà tó wá dé, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún ran ọwọ́ òsì lọ́wọ́ láti wọ ẹ̀wù. Ó ní àgbà ló ń dé. Nígbà tí mo sì bímọ, ọwọ́ kan ló fi gbé e, mo sì rò pé nítorí pé obìnrin ni ọmọ náà ni.

Mo bi í ní ìdájí, bó ṣe kírun tán.

"Kí ló ṣe apá yín ní Ẹ̀pẹ́ lọ́dún yẹn?"

"Má bi mí."

"Dókítà bi yín, ẹ ní rárá."

"Mo ní má bi mí. Ẹnu mi kọ́ lo ti máa gbọ́ ọ." Ó ká ẹní ìrun rẹ̀, ó dé fìlà, ó kọrí sí sọ́mìlì.

Ohun tó wá sí mi lọ́kàn kò ju ọ̀kan lọ. Wọ́n jà. Ìyáálé mi ló ṣe é léṣe, ọkọ wa sì ń dáàbò bò ó. Ó fẹ́ kí jẹjẹrẹ pa òun ju kó tú àṣírí obìnrin yẹn lójú mi lọ. N kò tiẹ̀ mọ èyí tó dùn mí jù nínú méjèèjì. Mo ti káfè, mo wọ ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́, mo kọjá Agbówà níbi tí ọmọ mi ṣì wà lọ́dọ̀ ìyá mi, n kò sì sọ̀.

Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti bá ìyáálé mi, ó ń yí ẹja padà lórí ààrò, omi ń dà lójú rẹ̀ nítorí èéfín.

"Ẹ káàsán, ìyáálé."

"Ìyàwó. Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú."

"Ó dáa, jókòó. Ìwọ tí a kì í rí àfi Iléyá."

N kò jókòó. "Mo fẹ́ mọ ohun tí ẹ fi apá ọkọ wa ṣe."

"Apá rẹ̀ wo?"

"Ti òsì."

Ó wò mí láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, èéfín sì gbá a lọ́fun. "O rò pé mo lù ú ni. Èmi tí mo ní làkúrègbé, pé mo gbé ọkùnrin tó tóbi tó yẹn ṣánlẹ̀. Owú ti ra iyè rẹ, ìyàwó."

"Kí ló wá ṣe é?"

"Igi ni. Okùn já, gẹdú kan yí, ó sì há a mọ́ etí ọkọ̀. Apá ṣẹ́ lókè níbí." Ó fi ọwọ́ tó ní ìpẹ́ ẹja kan òkè apá ara rẹ̀. "A gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń to eegun. Bàbá fà á, ó fi ọparun dì í. Ó wá ní kí n mú adìẹ wá. Ó ṣẹ́ adìẹ náà lẹ́sẹ̀ lójú wa, ó di òun náà bó ṣe di ọkọ wa."

"Apá ni ti ọkọ wa, kí ló dé tó fi jẹ́ ẹsẹ̀ adìẹ?"

"Mo bi í bẹ́ẹ̀ gan-an. Ó ní ṣé ọjọ́ tí adìẹ bá juwọ́ sí mi ni mo fẹ́ kí òun tú okùn ni? Ó ní kí n máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ọjọ́ tó bá rìn, kí n wá pe òun." Ó tún yí ẹja kan padà. "Èmi ni mò ń bọ́ àwọn méjèèjì. Mà á fún èyí ní àgbàdo, mà á fún ìyẹn ní ẹ̀kọ. Lọ́jọ́ tí adìẹ rìn dé ìdí ọgbà ni wọ́n tú okùn ọkọ wa."

"Dókítà bi í, ó ní apá òun kò ṣẹ́ rí."

"Kò lè sọ ọ́. Bàbá náà ló kìlọ̀ fún un. Ẹni tó ni eegun kò gbọdọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó ṣẹ́. Bó bá sọ ọ́, ó tún pè é padà nìyẹn."

"Àlàájì tó lọ sí Mẹ́kà?"

"Mẹ́kà kọ́ ló to eegun rẹ̀."

Mo wá jókòó. Mo bi í pé kí ló dé tí òun kò sọ fún mi, òun tí kì í ṣe ẹni tó ni eegun.

"Oyún rẹ ńkọ́? Ṣebí ẹ̀jẹ̀ ń yọ lára rẹ nígbà yẹn, tí wọ́n ní kó o dùbúlẹ̀, kó o má ronú? Èmi ni mo ní kí ẹnikẹ́ni má pè ọ́. Mo ní bí ìyàwó bá gbọ́, á gun ọkọ̀ wá síbí pẹ̀lú inú yẹn. Àbí o ò ní wá?"

Mà bá wá. Ó mọ̀ mí tó bẹ́ẹ̀, ó sì ti ṣe mí lóore tí n kò mọ̀, oore náà sì dùn mí ju bí wọ́n bá bú mi lọ. Ní gbogbo ìgbà tí mò ń sunkún ní Ìgbògbò pé ó ń gbádùn, ẹ̀kọ ni ìyáálé mi ń fi síbí bọ́ ọ lẹ́nu. Mo jowú ẹ̀kọ náà. Mo jowú adìẹ gan-an, nítorí pé adìẹ mọ̀.

Mo yọ ìwé tí mo tẹ̀ jáde, mo fi èjìká tó dúdú hàn án. Mo ṣàlàyé pé bí dókítà kò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ igi àti ọkọ̀ yìí, á gbà pé jẹjẹrẹ ti wọ eegun, wọn kò sì ní gé e. Kò bi mí ní ìbéèrè kankan nípa ìtànṣán. Ó kó ẹja tí kò tíì jinná kúrò lórí iná, ó da omi sí ààrò.

"Ọjọ́ wo ni dókítà yẹn máa ń jókòó?"

Àwa mẹ́ta la lọ sí Ìbàdàn lọ́jọ́ tí dókítà dá fún wa. Dókítà kọ́kọ́ kọjú sí mi nítorí pé ó mọ̀ mí. Nígbà tí ìyáálé mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ó yí àga rẹ̀ sí i. Ó bi í nípa ibi tí igi ti gbá a gan-an, bóyá eegun yọ síta, àti bí apá ṣe rí kí wọ́n tó fà á. Ìyáálé mi, tí kò rí irú fíìmù bẹ́ẹ̀ rí, fi ìka rẹ̀ lé e lójú iná. Orí ibi tó nípọn náà ló fi ìka lé. Mo fẹ́ fi kún un pé eegun tó bá jinná bẹ́ẹ̀ lè máa gba oògùn ìtànṣán sára títí ọdún kan sí méjì, pàápàá tí kò bá tò dọ́gba.

"Ẹ jẹ́ kí ìyá sọ ọ́ tán," ni dókítà wí.

Ó wá bi ọkọ wa: "Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí, Àlàájì?"

"Ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu ìyàwó mi." Fèrèsé náà ló tún ń wò.

Dókítà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì tún wo fíìmù náà fún ìgbà pípẹ́. Ó ní eegun ẹ̀yìn mọ́, ìbàdí mọ́, ibì kan ṣoṣo ló dúdú, ibẹ̀ sì ni igi ti ṣẹ́ ẹ. Ó ní àwọn á tún ya ẹ́kísíréè apá náà tó bá yá láti mọ̀ bóyá ó ń yí padà, ṣùgbọ́n òun gbà pé ojú ọgbẹ́ àtijọ́ ni. Ó ní iṣẹ́ abẹ á wáyé. Ìyáálé mi ló dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ń kó àwọn àwòrán náà padà sínú àpò wọn.

Nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ padà, ọkọ wa jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, àwa méjì wà lẹ́yìn rẹ̀, àpò àwòrán náà sì wà lórí itan mi. Ìyáálé mi ní kí n fi ìyókù ara rẹ̀ han òun. Mo fa ìwé náà jáde díẹ̀, mo fi eegun ẹ̀yìn hàn án, mo fi àpò ìtọ̀ hàn án, n kò sì jẹ́ kó gbà á lọ́wọ́ mi.

"Bí wọ́n bá gé e tán," ó ní, "Ẹ̀pẹ́ ló ti máa sinmi."

"Ẹ̀pẹ́ jìnnà sí dókítà."

"Ṣé Ìgbògbò ni dókítà ń gbé?"

"Ìgbògbò sún mọ́ ọ̀nà márosẹ̀ Ìbàdàn ju Ẹ̀pẹ́ lọ. Mo sì mọ ohun tó yẹ kó jẹ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Mo ti kà á."

"O ti kà á. Ṣé o ti sè é?"

Obìnrin kan tó jókòó tì wá rẹ́rìn-ín sínú ìborùn rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ gé e ná," ọkọ wa wí láìwẹ̀yìn.

"Ẹ dákẹ́," ni ìyáálé mi dá a lóhùn, "a kò bá yín sọ̀rọ̀."

Mo ní lóòótọ́ ni, a kò bá wọn sọ̀rọ̀. Ìyáálé mi yíjú wò mí, bí ẹni pé kò retí ìyẹn láti ẹnu mi. Ó wá ní òun á fi mí sílẹ̀ kí n máa wá kí i ní Ẹ̀pẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo ní òun ni kó máa wá kí i ní Ìgbògbò. A ń fà á bẹ́ẹ̀ títí a fi wọ gáréèjì, kò sì sí ẹni tó gbà fún ẹnì kejì.